Kànga Tó Dùbúlẹ̀

Òkété ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í ṣe pé ó nírun lára, kì í sì í ṣe pé ó ń jí ẹ̀pà ẹlẹ́pà wú. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kànga ló ń gbẹ́. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ló ti ń fi dígà wọnú ilẹ̀ lọ, nígbà tó sì fi máa pé ẹni àádọ́ta ọdún, kò sí òpópónà kan lẹ́sẹ̀ òkè tí kò fi ihò kan sí.

Ó kúrú, ó fẹ̀ léjìká, ohùn rẹ̀ sì ga bíi ti ẹni tó ń bá ará òdìkejì odò sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti ń ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ pe ẹni tó wà lókè fún ọgbọ̀n ọdún, níbo ni yóò ti rí ohùn jẹ́jẹ́ lò? Bó bá ń sọ àṣírí fún ìyàwó rẹ̀ nínú yàrá, ará ilé kẹta á dáhùn lójú fèrèsé pé, "Àwa náà ti gbọ́ o!" Ohun kan ṣoṣo ló sì ń bà á lẹ́rù láyé: ibi gíga. Ọkùnrin tó lè jókòó sínú ihò tó jìn ju ilé alájà mẹ́ta lọ, kó máa kọrin níbẹ̀, kò lè gun àga láti pààrọ̀ gílóòbù iná. Ìyàwó rẹ̀ ló ń gun àga. Òun á di ẹsẹ̀ àga mú, á sì di ojú.

Alágbàfọ̀ ni ìyàwó náà. Aṣọ ló sì so wọ́n pọ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà léwe, ẹnì kan gbé ẹ̀wù iṣẹ́ Òkété wá fún un fọ̀, ẹ̀wù tí amọ̀ ti gan pa, tó lè dá dúró láìsí èèyàn nínú rẹ̀. Ó wò ó títí, ó béèrè pé, "Ta ló wọ èyí, èèyàn ni àbí ìkòkò?" Ó ní kí wọ́n lọ pe ẹni tó ni í wá, òun fẹ́ bá a wí. Ẹni náà dé, ó bá a wí, ó sì ń bá a wí títí dòní.

Ẹ̀yìnkùlé wọn ni ìyàwó ti ń ṣiṣẹ́: ọpọ́n ńlá mẹ́ta, pákó ìfọṣọ tí ọwọ́ ti bó dán, áyọ́ọ̀nù eléèédú méjì, àti okùn ìsáṣọ méje tó ta láti ara ògiri dé ara igi máńgòrò. Aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì ló pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láàárọ̀, gbogbo ẹ̀yìnkùlé á funfun, á máa ju apá, bíi pé ilé ìwòsàn kan odindi ń jó níbẹ̀.

Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ti lọ sílé ọkọ. Àbígbẹ̀yìn, obìnrin tó ga tó sì lápá bí ọ̀pá ọkọ̀, kọ́ṣẹ́ ìránṣọ fọ́dún kan, ó ní ó sú òun. Ó ní okùn bàbá òun lòun fẹ́ máa dì mú. Ìyá rẹ̀ pariwo, ó ní iṣẹ́ inú ihò kọ́ ni iṣẹ́ obìnrin. Nígbà tó rí i pé ariwo ò ran ọ̀rọ̀ náà, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹ ò rí i pé wọ́n ti fi orúkọ yín sọ ọ́ tẹ́lẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni bàbá ṣe ń gbẹ́ nísàlẹ̀, tí ọmọ ń fa garawa lókè.

Ẹ̀yìn àdúgbò ni òkè wà. Igbó ló bò ó nígbà kan, igbó kìjikìji, tó jẹ́ pé bí òjò bá dá tán, igi á ṣì máa kán omi sílẹ̀ títí ọjọ́ yóò fi rọ̀. Abẹ́ igbó yìí ni odò kékeré kan ti ń sun, tó ń gba ẹ̀yìnkùlé alágbàfọ̀ kọjá, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣan aṣọ. Gíga ara rẹ̀ ni Òkété fi ń wọn ilẹ̀. Ìdúró ló ń pè é, ó sì ta kókó kan sára okùn fún ìdúró kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí igbó ṣì wà lókè, bí ó bá gbẹ́ ìdúró márùn-ún, mẹ́fà tó bá burú, omi ti dé. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, kó tó di Ọjọ́bọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rì.

Ìgbà tó yá ni àwọn agégi dé. Ilé-iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ojú ọ̀gá rẹ̀ ló ra igi orí òkè. Oṣù mẹ́jọ ni ayùn fi ń ké bí agbọ́n tí wọ́n tọ́. Bí wọ́n sì ti gbé gẹdú tó kẹ́yìn lọ ni àwọn àgbẹ̀ pín ilẹ̀ náà. Ká má purọ́, inú gbogbo èèyàn ló dùn. Ọ̀nà dé. Ẹni tí kò nílẹ̀ rí di onílẹ̀. Àgbàdo pọ̀ débi pé àwọn adìyẹ gan-an ń ṣà á yàn. Ẹni tí oko rẹ̀ tóbi jù lókè, ọkùnrin gíga kan tí wọ́n ń pè ní Alágbàdo, fi ilẹ̀ náà rán ọmọ mẹ́fà nílé-ìwé. Òkété fúnra rẹ̀ jẹ nínú àgbàdo yẹn, ó sì jẹ́rìí pé ó dùn.

Ọdún kẹta ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, díẹ̀díẹ̀, bíi pé ẹnì kan ń jí iyọ̀ bù nínú àwo. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ẹ̀yìnkùlé dákẹ́. Odò ń pọ́n bí òjò bá rọ̀, ó ń di iyanrìn bí òjò bá dá. Nígbà tó di ọdún karùn-ún, ẹ̀rùn kì í tíì wọlé tán tí àwọn kànga á ti máa gbẹ.

Àmọ́ ta ni ẹ̀rùn ṣe lóore bí kò ṣe Òkété? Kànga tó bá gbẹ ni kànga tí wọ́n máa tún gbẹ́. Ìdúró mẹ́jọ. Ìdúró mẹ́wàá. Ìdúró mẹ́tàlá. Àwọn èèyàn ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kó tó bọ́jú láàárọ̀. Ó pààrọ̀ òrùlé ilé rẹ̀, ó ra alùpùpù. Nínú ilé kan náà, aṣọ ń pọ̀ sí i lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ nítorí kò rómi fi fọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn ibùdó ọkọ̀ ló ti ń lọ ti omi wá nínú bárò, aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì sì ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú tíì.

"Bàbá ọmọ mi," ó wí lọ́jọ́ kan bí wọ́n ti ń jẹun lọ́wọ́, "ẹ̀yin àti ọ̀gbẹlẹ̀, ìgbà wo lẹ di ọ̀rẹ́?"

"Ọ̀rẹ́ kọ́," Òkété dáhùn. "Oníbàárà mi ni."

"Ó dáa. Ẹ bá mi kí oníbàárà yín o."

Ọ̀rọ̀ náà pa á lẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, tí kànga ilé tirẹ̀ gbẹ, kò pa á lẹ́rìn-ín mọ́. Agbẹ́kànga tí kànga rẹ̀ gbẹ, ibo ni yóò gbé ojú sí? Àwọn ará àdúgbò ò sì fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ẹni tó bá ń kọjá á yọjú lórí ọgbà, á ní, "Òkété, ẹ bù fún wa mu níbẹ̀ o!" Ọjọ́ mẹ́rin ni òun àti ọmọ rẹ̀ fi gbẹ́ ẹ. Ní ìdúró mẹ́rìnlá, dígà ké kánún, iná ṣẹ́ lára rẹ̀. Àpáta ni. Òkété jókòó sórí rẹ̀ nísàlẹ̀ níbẹ̀, orin kankan ò sì wá sí i lẹ́nu.

"Bàbá mi, ṣé kò sí?" ọmọ rẹ̀ pè é látòkè.

"Kò sí o."

"Ẹ máa bọ̀ wá jẹun."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà rọ̀. Òjò ńlá ni. Wọ́n dúró lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wo àgbàrá tó ń ti orí òkè bọ̀ lójú títì, tó gbé pòròpórò àgbàdo dání, tó gbé bàtà ẹsẹ̀ kan dání, tó gbé agbada kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó ni í. Ó kó wọ ilé wọn láìkan ilẹ̀kùn. Nígbà tí òjò dá, tí wọ́n ń gbá ẹrẹ̀ jáde, ọmọbìnrin náà fi ìgbálẹ̀ ti ara, ó wo ilẹ̀ pálọ̀, ó wo ẹ̀yìnkùlé.

"Bàbá mi, ẹ wò ó. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀ nínú pálọ̀, kò sì sí ẹ̀kán kan nínú kànga. Òjò yìí ò wọlẹ̀ mọ́. Ó kàn ń kọjá lọ ni, bí àlejò tí wọn ò fún ní ìjókòó."

Òkété náà wo ẹ̀yìnkùlé. "Kí ló dé tí kò fi wọlẹ̀?"

"Èmi kọ́ ni mo mọ inú ilẹ̀. Ẹ̀yin ni."

Ọ̀rọ̀ di pé kí wọ́n lọ wo orí òkè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Òkété, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tẹ ibẹ̀ rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé dígà kọ́ èjìká, ó di etí ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ mú látẹ̀yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Nígbà tí wọ́n dé àárín ọ̀nà, ó ṣèèṣì bojú wẹ̀yìn, ó rí òrùlé ilé rẹ̀ tó kéré bí ìdérí ìkòkò. Ni ó bá wólẹ̀, ó ń rákò. Àwọn obìnrin kan tó ń ti oko bọ̀ dúró, wọ́n wò ó.

"Òkété, kí lẹ sọnù?"

"Omi ni!" ó dáhùn, kò la ojú.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀ tí wọ́n fi ń kí ilẹ̀: kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Ó kọ́kọ́ gbẹ́ àárín oko Alágbàdo. Ilẹ̀ náà le bí ilẹ̀ onísìmẹ́ńtì. Òjò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ilé lọ lánàá, kò wọlẹ̀ ju ìka kan lọ. Eruku gbígbẹ ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú rẹ̀ dání. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sí ẹ̀gbẹ́ àpáta kan, níbi tó dagun jù tí ayùn àti ọkọ́ ò lè dé. Igbó díẹ̀ ṣẹ́kù níbẹ̀, kò ju pápá bọ́ọ̀lù ilé-ìwé kan lọ. Òkété sọ dígà lẹ́ẹ̀kan, ó wọlẹ̀ dé ọrùn. Ilẹ̀ náà dúdú, ó tutù, ekòló ń rìn nínú rẹ̀. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fún un, omi kán láàárín ìka rẹ̀. Ó gbé e símú. Òórùn àwọn kànga ìgbà èwe rẹ̀ ni.

"Orí òkè ni!" ó kígbe. "Orí òkè ni omi ìsàlẹ̀ ti ń wá!"

Ohùn yẹn ló mú Alágbàdo jáde nínú ahéré rẹ̀ tòun ti àdá.

"Ta ló ń gbẹ́ sàréè sínú oko mi?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe sàréè."

"Òkété! Kí ló gbé ìwọ dókè? Ṣé ilẹ̀ ti tán nísàlẹ̀ ni?"

"Omi ló tán, ẹ̀gbọ́n." Òkété sì fi ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ méjèèjì hàn án, tutù lọ́wọ́ kan, gbígbẹ lọ́wọ́ kejì.

Ojú Alágbàdo le. "Mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Ẹ fẹ́ kí n fi oko sílẹ̀ fún igi. Àwọn ọmọ mi ò jẹ ewé o."

Ọmọ Òkété dá sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ má bínú, sà. Àgbàdo yín ti èṣí ńkọ́? Ṣé ó yọmọ dáadáa?"

Alágbàdo ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ṣùkù àgbàdo kan tí kò tóbi ju àtàǹpàkò rẹ̀ lọ. "Òun nìyí," ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀. "Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibí, ọ̀kan á kún ọwọ́ mi. Ilẹ̀ tó dára ti ṣàn lọ. Mi ò mọ ibi tó lọ."

"Èmi mọ̀ ọ́n," Òkété wí. "Ó wà nínú pálọ̀ mi."

Wọ́n wo ara wọn, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí Alágbàdo fi ní láti fi àdá ti ilẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà ni wọ́n jókòó sọ̀rọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n gbẹ́ kànga fún yín," ni Òkété wí.

"Kànga? Lórí òkè?"

"Kànga tó dùbúlẹ̀ ni. Kò ní í jìn ju itan lọ, àmọ́ yóò gùn láti etí oko dé etí oko, ní ìdábùú. Bí àgbàrá bá ń sáré bọ̀, á bọ́ sínú rẹ̀, á sinmi, ilẹ̀ á sì mu ún. Ká gbin koríko àti igi eléso sétí rẹ̀ kó má baà ya. Ẹ̀yin á máa gbin àgbàdo yín láàárín. Orísun odò nìkan ni ká fi sílẹ̀ kó tún di igbó."

Alágbàdo fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Òjò ọdún kan. Apá kan oko mi. Bó bá bàjẹ́, ìwọ lo máa ro gbogbo oko yìí lọ́dún tó ń bọ̀."

"Mo gbà."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi gbẹ́ kòtò mẹ́ta, ọ̀kan nísàlẹ̀ ìkejì. Ọmọbìnrin náà lọ yá rọ́bà tó mọ́ gaara tí àwọn bíríkìlà máa ń rọ omi sí láti fi mọ ibi tó tẹ́jú, òun ló sì fi ń tọ́ kòtò náà kó má baà dagun síbì kan. Ìyá rẹ̀ ń ṣa àwọn igi kéékèèké tó hù lábẹ́ igbó tó ṣẹ́kù, ó ń tọ́jú wọn sínú ọ̀rá ọṣẹ tó ti tán, ó ń fi omi ìṣanṣọ tí kò lọ́ṣẹ mọ́ bomi rin wọ́n. Ní ti Òkété, bí ó bá ti wọ kòtò dé itan, ó ń gbàgbé pé òkè lòun wà, orin á sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ń wo àwọn ìlà tó ń hàn lára òkè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wò ó o, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Òkété, ó ti ń di irun fún òkè!"

Ọjọ́ tí òjò ńlá tún rọ̀, Alágbàdo jókòó ti oko rẹ̀ lábẹ́ agbòòrùn, ó ń ṣọ́ ọ. Ó rí àgbàrá tó ti etí oko ọ̀dọ̀ òkè sáré bọ̀. Ó dé kòtò kìíní, ó bọ́ sínú rẹ̀. Èyí tó kún kọjá dé kòtò kejì, ó bọ́ sínú rẹ̀. Kò dé kòtò kẹta rárá. Alágbàdo sọ agbòòrùn nù, ó sáré sọ̀kalẹ̀ nínú òjò, ó ń yọ̀, ó ń ṣubú, ó ń dìde, ó fi ìkúùkù lu ilẹ̀kùn Òkété.

"Ó jókòó! Òkété, ó jókòó! Omi jókòó!"

Àwọn méjèèjì dì mọ́ra wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fò sókè sódò bí ọmọdé. Alágbàfọ̀ wo aṣọ ọkọ rẹ̀ tí ẹrẹ̀ Alágbàdo ti kùn, ó mi orí, kò sì bínú.

Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn àgbẹ̀ yòókù ti ń wá bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í kánjú. Ọdún kìíní kọjá, kànga ṣì gbẹ. Ní ọdún kejì, ọ̀rinrin díẹ̀ hàn lára àpáta. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan láàárín ẹ̀rùn ọdún kẹta, tí alágbàfọ̀ ju garawa sínú kànga ilé rẹ̀ bó ti máa ń ṣe, kó ṣáà lè rí ìkòkò kan fà. Kò tíì tú okùn dé ibi tó rò tí garawa fi dún gbúù. Ó rò pé nǹkan ló há a. Ó fà á sókè, ó tún un jù. Gbúù.

Kò pariwo. Ó rọ omi náà sínú igbá, ó gbé e wọ yàrá níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń so okùn bàtà, ó dà á lé e lórí gẹ́gẹ́ bó ti tutù.

"Ẹ káàárọ̀ o," ó wí. "Oníbàárà yín ti lọ."

Tòun ti bàtà ẹsẹ̀ kan ni Òkété fi jó dé ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n sọ okùn sí i, wọ́n ka kókó: ìdúró mẹ́jọ. Kì í ṣe márùn-ún ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí omi kó máa ráhùn? Ó kígbe rẹ̀ sínú kànga, kànga sì dá a lóhùn.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló padà. Irú àwọn igi ńlá tí wọ́n gé, ọmọ ọmọ wọn ló máa rí i. Àwọn ilé tó wà lẹ́yìn òkè, níbi tí wọn ò tíì gbẹ́ kòtò kankan, omi ṣì ń wọ́n wọn. Àmọ́ odò ẹ̀yìnkùlé ti ń ṣàn fún oṣù mẹ́wàá nínú ọdún. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ti padà, ariwo wọn sì pọ̀ débi pé àwọn tó ti ń sunkún wọn ti ń bú wọn báyìí. Àgbàdo Alágbàdo ti tún ń kún ọwọ́, ó sì ń ta gúáfà àti píà láti etí kòtò. Oyin ti wọ inú ihò igi kan lókè. Alágbàdo máa ń mú àlejò lọ wò ó bí ẹni tó bí i.

Ní ti iṣẹ́ kànga, ó parí. Oṣù mẹ́rin, ẹnikẹ́ni ò kanlẹ̀kùn. Òkété ń jókòó síwájú ilé, ó ń kí àwọn tó ń kọjá.

"Kànga yín ńkọ́?"

"Ó kún o!"

"Ó mà ṣe o," á wí, ẹ̀rín á sì gbé e wó.

Nígbà tó yá, ìyàwó rẹ̀ ní òun ò lè máa wo apá tó ń ṣòfò. Ó fi í ṣe ẹni tó ń fún aṣọ. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tí Òkété bá fún, oòrùn kì í rí nǹkan ṣe sí i mọ́. Aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì funfun débi pé oníbàárà pọ̀ sí i, alágbàfọ̀ sì gba obìnrin méjì síṣẹ́.

Ní àárọ̀ kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn àgbẹ̀ mẹ́rin sọ̀ nínú rẹ̀, láti ibi tó jìn, ibi tí òkè tiwọn náà ti pá lórí. Òkété nu ọwọ́ ọṣẹ sára ẹ̀wù, ó yọ síta láti gbà wọ́n.

"Ẹ kú ilé o, bàbá," ni àgbà inú wọn wí. "Ọ̀gá obìnrin tó ń gbẹ́ kànga tó dùbúlẹ̀ là ń wá. Wọ́n ní ibí ló ń gbé."

Òkété wo ojú ọkùnrin náà. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó ti ń ká rọ́bà bíríkìlà sí èjìká lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí obìnrin mẹ́ta tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ sì dúró tì í pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Nǹkan kan kún un láyà, ó gbòòrò, ó gbóná.

"Ibí ni," ó wí. "Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ọ̀gá ń bọ̀."

Ó bu omi tútù fún wọn mu. Nígbà tí ọkọ̀ náà gbé ọmọ rẹ̀ lọ tán, ó padà sẹ́yìnkùlé, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti di etí ṣíìtì kan mú, tó ń dúró dè é.

"Wọ́n ti gbé ọ̀gá lọ?"

"Wọ́n ti gbé e lọ."

"Ẹ wá di etí kejì mú. Àwọn nọ́ọ̀sì ń bọ̀ kó tó di ọ̀sán."

Ó dì í mú, ó fún un, omi tú jáde lára ṣíìtì náà ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ó fún un le jù, ó fa ìyàwó mọ́ra, ìyàwó sì gbá a léjìká, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín.